Ẹ̀yìn Ọ̀nì

Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wà ní Gáréèjì Ọ̀fà,
ọyẹ́ ń fi ihò imú mi súfèé.
A kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, a kọjá Òmù-Àrán.
"Òkè-Onígbìn-ín? Kí lẹ fẹ́ lọ gbé níbẹ̀?"
Mo ní àpáta ni mo fẹ́ lọ gùn.
Dẹ́rẹ́bà wo ewú orí mi nínú dígí,
ó yí rédíò sókè.

Àfúsátù ń dúró dè mí nídìí òkè,
níbi tí ìyá rẹ̀ sá láfún sí lórí òkúta dúdú.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, sálúbàtà lẹ́sẹ̀.
Ó wo bàtà tuntun tí mo rà l'Ọ́jà Ìpàtà,
ó rẹ́rìn-ín sínú.
"Màmá, ẹ má tẹ láfún o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀."

Koríko bẹẹrẹ ló kọ́kọ́ gbà wá, ó ga jù wá lọ,
ó ń ya wá lápá.
Lẹ́yìn náà, igi ẹmì. Lẹ́yìn náà, ayin kan ṣoṣo.
Lẹ́yìn náà, kò sígi mọ́.
Ẹ̀yìn Ọ̀nì nà gbọọrọ níwájú wa, ìpẹ́ lórí ìpẹ́,
ìrù rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, orí rẹ̀ nínú ọyẹ́.

"Nǹkan mẹ́ta ni kó máa di òkúta mú:
ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì, ọwọ́ kan.
Ẹ̀kẹrin nìkan ni kó máa rìn."
Mo gun ìpẹ́ kìn-ín-ní. Mo gun ìkejì.
Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi,
ṣùgbọ́n ìgbín kò ní orúnkún,
ìgbín kì í gba owó ìfẹ̀yìntì,
ìgbín kì í bojú wẹ̀yìn.
Èmi bojú wẹ̀yìn.
Láfún ìyá Àfúsátù ti kéré bí iyọ̀ tó dà sílẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n gìrìgìrì
bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà.
Gara kan yọjú nínú ihò, ó wò mí, ó padà wọlé.
Alángbá olórí pupa ń dọ̀bálẹ̀, ó ń dìde, ó ń dọ̀bálẹ̀.
Èmi kọ́ ló ń kí.

Ibẹ̀ ni àtẹ́lẹ̀ bàtà mi ti là pẹ̀ẹ́
bí ẹnu ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́.
Mo bọ́ méjèèjì, mo so okùn wọn kọ́ ọrùn.
Òkúta tutù bí ìdí àmù,
ó sì di ẹsẹ̀ mi mú ju bàtà lọ.

Láàárín ọrùn ọ̀nì àti orí rẹ̀, àlàfo kan wà.
Kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ,
ṣùgbọ́n n kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.
Àfúsátù fò ó fìrí, ó yíjú padà, ó nawọ́.
Mo ní ó ti tó. Mo ní ebi ń pa mí.
Mo ní ṣebí ibí náà ga.
Kò fèsì. Ọwọ́ rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀.
Mo dì í mú.

Ọkọ mi, tí orúnkún so mọ́ àga ní Táńkẹ̀, ti ní:
"Bó o bá débẹ̀, wo ìwọ̀ oòrùn,
wàá rí páànù ilé bàbá mi."
Mo wo ìwọ̀ oòrùn. Ọyẹ́.
Mo wo ìlà oòrùn. Ọyẹ́.
Adìyẹ kan ń kọ nísàlẹ̀ níbìkan.
Nínú lílà àpáta, igi tòmátì kan dúró,
bóyá ẹnìkan ló jẹun níbẹ̀ tó tu hóró sílẹ̀.
Ọmọ kan ló so, kò ju ojú ewúrẹ́ lọ.
Àfúsátù já a, ó fi èékánná là á sí méjì.

Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀.
Ṣòkòtò ọmọ mi tí mo wọ̀, kò ṣeé dá padà mọ́.

Lálẹ́, mo tú láílọ́ọ̀nù,
mo fi ìdajì tòmátì lé e lọ́wọ́.
Ó jẹ ẹ́. Ó ní ó kan.
Ó ní, "Ṣé o rí òrùlé wa?"
Mò ń fọ àtẹ́lẹsẹ̀, n kò gbójú sókè.
Mo ní mo rí i.
Mo ní páànù ti dípẹtà,
ká wá ẹni tí yóò bá wa kùn ún.