Ìṣẹ́jú Méjìlélógún

Oṣù kejì ni. Òkun iwájú Tallinn ti di yìnyín,
ó le bí ojú ẹni tí a jẹ ní gbèsè.
Àwa márùn-ún há sí ilé ìdáná Urve, lórí àjà kẹrin,
à ń sọ bí a ó ṣe mòòkùn lóṣù keje.

Àwòrán òkun tẹ́ sórí tábìlì.
Ìgò ẹja oníyọ̀ tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ife kọfí tẹ ìdí rẹ̀.
Níbi tí a fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí,
ibẹ̀ ni Salme sùn sí láti ìgbà ogun,
ọkọ̀ elééfín tó kó igi ìdáná, tó kó èèyàn.
Mítà méjìlélógójì sísàlẹ̀.
Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan jẹrà:
wọ́n ní àga ilé oúnjẹ rẹ̀
ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń retí ẹni tó dìde.

Èmi ni akọ̀wé. Èmi náà ni wọ́n ń bú.
Sílíńdà méjì-méjì. Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta-mẹ́ta,
torí òkùnkùn ibẹ̀ kò mọ̀ pé ojúmọ́ ń mọ́.
Okùn tí a ó so mọ́ ẹnu ọ̀nà kí a tó wọlé.
Kaarel ní òun kò nílò okùn, òun mọ omi.
Mo ní, "Òmùwẹ̀ ni omi ń gbé lọ. Kọ orúkọ rẹ síbí."

Ọ̀gákọ̀ ní Hiiumaa ń bèèrè ọgọ́rin yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan
kó tó lè di ọjọ́ náà mú fún wa.
Bí atẹ́gùn bá ti ìwọ̀ oòrùn wá, etíkun la ó jókòó sí,
a ó máa ta káàdì, owó kò sì ní padà.
Rein kò tíì san. Rein kì í tètè san.
Ohun tí Rein fẹ́ ni àwo tánńganran kan, ọ̀kan péré,
"Ta ni yóò mọ̀?"
Urve na síbí kọfí sí i:
"Jí èyí, kí ọkàn rẹ balẹ̀."

Ó wá ku afẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú méjìlélógún nísàlẹ̀, kò lé kan.
Mo pín in bí ẹni pín ẹran ọdún:
mẹ́fà láti yí ọkọ̀ náà ká,
mẹ́jọ fún inú rẹ̀,
márùn-ún fún fọ́tò Ilmar,
mẹ́ta ìpamọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Láti ìrọ̀lẹ́ ni Leida, ìyá àgbà Urve, ti ń bó ọ̀dùnkún ní kọ̀rọ̀,
èèpo rẹ̀ ń gùn láìjá.
Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.
"Ẹ̀gbọ́n mi ló ń da èédú síná nínú ọkọ̀ yẹn.
Ó ní bí òun bá dé lóru, òun yóò kan fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹta,
kí a má bàa rò pé ṣọ́jà ni.
Ìyá wa gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.
Ibẹ̀ ló kú sí.
Ẹ bá mi kàn án fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta.
Ara ọkọ̀ ti tó. Ẹ má wulẹ̀ wọlé."

Fìríìjì nìkan ló ń kùn.
Kaarel ní ohùn máa ń yára nínú omi ju orí ilẹ̀ lọ;
kò sẹ́ni tó bi í.
Rein ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó tú u,
ó bèèrè bóyá ìbọ̀wọ́ kò ní pa ìró náà.
Ilmar ní, "Yọ ọ́ nínú tèmi."

Mo pa márùn-ún rẹ́, mo kọ mẹ́rin.
Mo kọ kíkànkùn sí abẹ́ rẹ̀: ọ̀kan.
Ìyá àgbà ní kí n kọ orúkọ náà pẹ̀lú, kó má lọ jẹ́ ibòmíràn la ó kàn.
Endel, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ orúkọ tiwa.
Mo kà wá. A ti pé mẹ́fà.
Rein kò tíì san.