Owó Èbúté

Èmi ni Gunnvor, ọ̀gá ìṣirò owó
ní ìjọba ìbílẹ̀ Skarvnes,
níbi tí oòrùn ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ lóṣù kọkànlá
tí kì í bojú wẹ̀yìn títí ọdún tuntun fi ń gbó.
Iná àjà ni mo fi ń ríran ṣírò.
Ẹ má bi mí bóyá iṣẹ́ náà dùn.
Iyọ̀ tí a ń dà sójú títì,
epo ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín,
pámpáàsì àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú,
eyín ọmọ iléèwé mọ́kànlélógójì tí dókítà yẹ̀ wò,
gbogbo rẹ̀ ń gba ọwọ́ mi kọjá, ó ń di òǹkà.
Èmi kì í rí yìnyín. Iye rẹ̀ ni mo ń rí.

Lọ́dún yìí, bí a ṣe ń ti ìwé ọdún,
ẹgbẹ̀ta kúrónà ṣẹ́ kù tí kò níbi tó ń lọ.
Kò tó nǹkan. Owó bàtà ọmọdé.
Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò dà bí ọbẹ̀:
irun kan ṣoṣo ló ń mú kéèyàn gbé àwo sílẹ̀.
Mo wá a. Kọfí mi tutù, mo mu ún bẹ́ẹ̀.
Mo tọpa rẹ̀ dé èbúté, lórí ìwé,
àyè ìsokọ̀ kẹtàdínlógún,
ọkọ̀ ìpẹja Petrine.
Oddleif Myrland ló ń san án. Kò pẹ́ san rí.

Petrine?
Ọkọ̀ tó rì ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn
tòun ti Arnt, àbúrò Oddleif,
tí òkun ò dá nǹkan kan rẹ̀ padà,
àní ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan.

Mo kọ lẹ́tà, ní èdè ọ́fíìsì:
*Ọ̀gbẹ́ni, a jẹ yín ní ẹgbàárùn-ún lé egbèje kúrónà.*
Kò fèsì. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ wá lórí yìnyín,
lórí kẹ̀kẹ́ aláìnítáyà táwọn àgbà ibí ń gùn,
yìnyín lórí fìlà, kò jókòó.
Mo ní, Oddleif, ọkọ̀ ò sí.
Kò sí okùn kankan lára irin yẹn.
Ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri pẹ́.
“Gunnvor, bí mi ò bá san án,
ibo ni Arnt fẹ́ so ó mọ́?”
Kò sọ ọ́ bíi wèrè.
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń béèrè iye tí wọ́n ń ta kẹrosíìnì.
“Mo mọ̀ pé kò ní í dé. Mo mọ̀.
Mo kàn ń bi ọ́ ni. Ibo?”

Ìwé òfin wa nípọn ju ìrọ̀rí lọ.
Àyè wà nínú rẹ̀ fún gbèsè tó ti kú,
fún ẹ̀bùn, fún owó tí a ò mọ olówó.
Mo ṣí i síwá, mo ṣí i sẹ́yìn.
Oddleif dúró, ó ń wò mí,
lẹ́yìn náà ló wá bínú, ìbínú gidi:
ó gbọ́ pé a ti fi àádọ́ta kún owó àwọn yòókù
láti èṣí, ta ló ní ká yọ òun sílẹ̀?
Ó ka ọgọ́rùn-ún sórí tábìlì mi,
ti èṣí àti ti ọdún yìí.
Ó gba rìsíìtì. Ó kà á dópin. Ó lọ.

Lóṣù kẹta, olùṣàyẹ̀wò owó ti Tromsø dé,
Ragnfrid, awò ojú rẹ̀ lórí okùn.
Oòrùn ti padà, ó ń tú eruku inú ọ́fíìsì fó.
Ó fi ìka kan ìlà náà. “Kí lèyí?”
Owó èbúté.
“Ọkọ̀ náà dà?”
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́,
n kò fi kọ́bọ̀ parọ́ rí.
Mo ní, kò tíì dé.

Ó wò mí. Ó bọ́ awò, ó nù ún.
Ó wo ojú fèrèsé, níbi tí omi ti là
láàárín kẹrìndínlógún àti kejìdínlógún.
Ó ṣí ojú ìwé tó kàn.
“Iyọ̀ ojú títì yìí,” ó ní,
“ṣé kò pọ̀ jù báyìí?”