Ife Tánganran

Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́,
bàtà Mosúnmọ́lá, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ okùn rẹ̀.
Mi ò béèrè ìkejì.
Bọ́lọ́rundúró ni mọ́tò ti takìtì.
Àwọn àgbẹ̀ méjì tó ń sá kòkó létí títì
ni wọ́n da kòkó nù, tí wọ́n tẹ́ àpò,
tí wọ́n fi gbé ìyá, tí wọ́n fi gbé ọmọ.
Láti kékeré ni mo ti ń ka orúkọ ìlú yẹn lára pátákó;
ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé Ọlọ́run lè dúró
nínú sálúbàtà rọ́bà, kí ó máa làágùn.

Ní Oǹdó, wọ́n tẹ́ Mosún sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin,
wọ́n so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀
kí egungun itan lè padà sípò.
Wọ́n gbé Ìfẹ́dolápọ̀, ọmọ oṣù mẹ́rin, lọ sókè,
bándéèjì yí i lórí bíi láwàní ààfáà kékeré.
Àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún ló wà láàrin wọn.
Ẹsẹ̀ mi ló kà á.

Nítorí omi ọyàn kò mọ̀ pé jàǹbá ṣẹlẹ̀.
Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, á máa sun,
aṣọ ọsibítù á rin gbingbin,
ìyàwó mi á kọjú sí ògiri, á ní, "Gbé ife wá."
Ife tánganran tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣí,
tí ìyá rẹ̀ fi bu ògì fún òun náà rí.
Á fún un, á fi eyín di ètè mú.
Èmi á fi ọwọ́ bo ẹnu ife,
ooru rẹ̀ á máa yọ sí mi ní àtẹ́lẹwọ́,
bíi pé Mosún gan-an ni mo ń gbé gun òkè.
Nọ́ọ̀sì á gbà á, á fi rọ́bà tín-ín-rín fún ọmọ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ìyá àti ọmọ ṣe ń ríra nìyẹn.

Èmi káfíńtà, tí mo ń fojú díwọ̀n igi,
Fọláyẹmí, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló kọ́ mi bí a ṣe ń pọn ọmọ.
"Dádì, ẹ tẹ̀ síwájú. Ẹ má fún ọ̀já mọ́ ọn lọ́rùn."
Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín,
nígbà tó yá wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ẹ̀rọ tí mo fi ń fá pákó,
mo tà á, mo fi san owó irin inú itan.

Àwọn ènìyàn wá kí wa: ẹ kú ewu,
ewu iná kì í pa àwòdì.
Mosún á ṣe àmín. Tí wọ́n bá lọ tán, á ní,
"Ta ló bi àwòdì bóyá ìyẹ́ rẹ̀ jóná?"

Kò tí ì wọ mọ́tò títí di òní.
Bí fèrè ọkọ̀ bá dún lóru,
á ti máa fọwọ́ wá ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó jí tán.
Òórùn kòkó tuntun sì ń pa á lẹ́kún.
Bóyá ẹkún ọpẹ́ ni. Mi ò bi í.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo fi pákó tó ṣẹ́kù ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì,
mo fá a títí kò fi lè gún un lábíyá.
Ó ń fi rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìbẹ́pẹ.
Ìfẹ́dolápọ̀ ti pé ọdún kan àti oṣù márùn-ún,
ìdí ló ṣì ń wọ́. Dókítà ní ká ní sùúrù.

Lánàá, ó wọ́ lọ bá ìyá rẹ̀,
ó di ọ̀pá kan mú, ó gbọ̀n, ó nàró,
àpá iwájú orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn.
Mosún kò lè mira, kí ọmọ má baà ṣubú.
Ọmọ kò jẹ́ jọ̀wọ́ ọ̀pá.
Mo ti fẹ́ sáré.
"Dúró síbẹ̀," ni ìyàwó mi wí.
Mo dúró, òòlù lọ́wọ́ mi,
ògì ń tutù nínú ife lójú fèrèsé.