Mú Lágbájá

Ẹgbàá mẹ́fà àwòrán ló wà nínú ẹ̀rọ Bàbá Ọ̀nàdípẹ̀,
ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wa ní Atìkọrí, Ìjẹ̀bú-Igbó.
Díẹ̀ ló lórúkọ.
Nọ́ńbà ni kámẹ́rà fi ń pe ìyókù, bí ẹlẹ́wọ̀n.
Bàbá ní kí n tò wọ́n kí Iléyá tó dé.

Mo sọ ogún lórúkọ, ọrùn mi gan.
Mo bá kọ àṣẹ kan ṣoṣo:

   Mú lágbájá.
   Bi í léèrè ọdún tí wọ́n yà á.
   Fi ọdún náà ṣíwájú orúkọ rẹ̀.
   Gbé lágbájá lọ sí ilé ọdún lágbájá.

Àmì ìdá ọgọ́rùn-ún kan, lẹ́tà kan lẹ́yìn rẹ̀,
òun ni mo fi ṣe lágbájá.
Ihò lásán ni, bí ojú abẹ́rẹ́,
òwú tó bá dé ló ń gbà kọjá.
Àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n lò tipẹ́,
lágbájá, làmọ̀rín, tàmẹ̀dò,
nígbà tí wọn ò fẹ́ dárúkọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó.

Mo tẹ̀ ẹ́.
Wọ́n ń sáré bí ọmọ iléèwé tí aago lù fún:
ìyàwó, òkú, ọmọ ọwọ́ tó ń ké níwájú aṣọ búlúù.
Ó wá dé orí Efúnyẹlá Ọ̀ṣíyẹmí.
Ẹ̀rọ rí àlàfo láàárín orúkọ,
ó ní ènìyàn méjì ni.
Ó wá Efúnyẹlá, kò rí i.
Ó wá Ọ̀ṣíyẹmí, kò rí i.
Ó dúró gbagidi.
Mo fi àmì àyọlò sí ọ̀tún lágbájá, mo fi sí òsì,
bí ìgbà téèyàn gbá ọmọ mọ́ra.
Ó tún gbéra.

Nígbà tó parí, ilé kan kù tí kò lórúkọ.
Fọ́tò àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, àwọn tá a yà látinú ìwé,
tí wọ́n bi léèrè ọdún, tí wọn ò fèsì.

Bàbá wọ awò, ó ṣí ọ̀kan:
ọ̀dọ́kùnrin kan gbé pákó léjìká níbi ìlagi.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
“Odùsílẹ̀ nìyí. Igi wó lù ú nígbó Ọmọ.”
“Ọdún wo ni, sà?”
Ó fi ìka kà, ó dà á rú, ó tún un kà.
“Ọdún tí wọ́n gbé ayùn oníná àkọ́kọ́ dé Òkè-Àgbò.”

Kò sí lágbájá tó lè gba ìyẹn.
Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn,
ayùn, iná, Òkè-Àgbò, gbogbo ẹ̀.
Bàbá ń wo ojú gíláàsì.
“Ó kàn,” ló wí.