Ohun Tí Sáńpépà Kò Dé

Málàm Gámbò kò kọ́kọ́ wo ojú idà náà.
Ó ní kí n gbé ife tíì kúrò lórí tábìlì,
kí n má mí sí irin,
kí n má sì tíì sọ ìtàn kankan.
"Ìtàn a máa di ènìyàn lójú."
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ ohun àtijọ́
ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Kàdúná;
ní báyìí, ìloro rẹ̀ ní Túdún Wàdá ni ọsibítù irin.

Ìtàn ti kún ẹnu mi ṣá:
bí Sájẹ́ǹtì Òjékúnlé, baba àgbà mi,
ṣe gba idà náà lọ́wọ́ ọ̀gágun Jàpáàn kan ní Bọ́mà,
tó fi aṣọ òjò wé e, tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi,
tó gbé e kọ́ sókè ibùsùn ní Kakuri
tí ọyẹ́ ogójì ọdún fẹ́ kọjá lára rẹ̀.
Ọ̀gbẹ́ni kan ní Màìtámà, l'Ábújà, ti dárúkọ owó.
Àbúrò mi obìnrin ò sùn lóru ọjọ́ náà.
Ọkùnrin náà ní: bó bá jẹ́ ògidì.

Málàm fi ọmọ òòlù igi ti èèkàn oparun jáde,
ó di èékù mú, ó fi ìkúùkù gbá ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀
lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì,
irin sì bọ́ kúrò nínú èékù bí eyín ọmọdé.

"Ìdí yìí la ti ń bi í léèrè.
Ojú a máa parọ́. Wọ́n lè fi ásíìdì ya ìlà funfun
sí ẹnu irin ilé-iṣẹ́ lásán, kó dà bí ìkùukùu.
Orúkọ pàápàá ń parọ́; olè ló mọ orúkọ kọ jù.
Ṣùgbọ́n ìpẹtà ìdí idà,
dúdú tó rọra ń ṣú bí ara ìkòkò,
kò sẹ́ni tó rí ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ rà lọ́jà."

Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀.
Ìdí idà náà ń dán bí ṣíbí.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

Wọ́n ní ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó èékù idà
kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀.
Tèmi tó o. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá,
ọ̀sẹ̀ Kérésì, baba àgbà ń bọ̀ láti ọsibítù,
mo fẹ́ kí ohun ogun rẹ̀ mọ́.
Sáńpépà márùn-ún, kẹrosíìnì ife kan,
mo fọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro mí.
Ó rí i. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi."
Ó wá yíjú sí ògiri.
Mo rò pé àìsàn ló ń ni ín lára.

Málàm kò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.
Ó mú awò, ó mú tọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí ìka,
ó yọjú sínú ihò tí èèkàn ti jáde,
ihò tí ìka ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò lè wọ̀.
Ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n pe ìrun Alásárì; kò tètè dìde.
"Dúdú," ó ní.
"Ó dàgbà ju baba àgbà rẹ lọ.
Iye ọdún tó fi jù ú, ìwọ lo fọ̀ ọ́ dànù.
N kò ní kọ ọ́ síwèé fún ará Màìtámà."

Mo nawọ́ sí ibi tí ẹnu idà ti kán díẹ̀,
ibi tí baba àgbà máa ń fi àtàǹpàkò tọ́ka sí
lálaalẹ́, tí ìbọn á máa dún lẹ́nu rẹ̀.
Málàm fi èékánná kàn án. Ó rẹ́rìn-ín.
"Èyí kì í ṣe Bọ́mà. Igi ìdáná ni.
Ẹni tó là á, ọwọ́ òsì ló ń lò."

Ìyá àgbà. Ọdún tí kẹrosíìnì wọ́n.

Ó fi òwú àti òróró kànáfùrù lé mi lọ́wọ́.
"Ojú nìkan. Má kan ìdí."
Mo gbé e padà sí Kakuri nínú aṣọ ibùsùn,
kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù ń jó nínú kòtò,
fóònù ń dún lápò mi, Màìtámà ni,
ọwọ́ mi sì ń ta sánsán
bí tíì tó ní kí n gbé kúrò.