Mọ́kàndínnígba

Ní Besançon, lójú fèrèsé ilé ìdáná wa,
igba ọmọ ogun òjé tò lọ rẹrẹ bí ìjàlọ,
ẹ̀wù búlúù, bẹ́líìtì funfun;
kò sí èyí tó ga ju àtàǹpàkò mi lọ.
Anselme, ọkọ mi, ló kùn wọ́n.
Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí:
bọ́tìnnì kan ṣoṣo, odidi wákàtí kan.
Mo ní, "Ta ni yóò ka bọ́tìnnì lójú ogun?"
Ó ní, "Èmi."

Lálẹ́, mo máa ń ka ìwé ìtàn sí i létí,
ti ogun ayé ọjọ́un,
níbi tí yìnyín ti gbé ẹṣin mì tìjánutìjánu.
Lánàá, ní orí kọkànlá,
ìbọn ba ọmọ agẹṣinjagun tó fẹ́ràn wàrà.
Anselme ò sọ nǹkan kan.
Ó pa iná.

Láàárọ̀ yìí mo ń nu eruku.
Mo kà wọ́n: mọ́kàndínnígba.
Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo ẹnu ológbò.
Àṣé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù,
òun àti ẹṣin rẹ̀, wọ́n kọjú síná,
ìnujú ọkọ mi ló bo èjìká rẹ̀.

Mi ò bi í ní nǹkan kan.
Mo gbé wàrà kaná.