Ìlà Mẹ́ta

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán, nílé ìwòsàn Kàbà,
nọ́ọ̀sì mẹ́rin la wà lórí aboyún kan ṣoṣo.
A ráyè bó ẹ̀pà jẹ,
a ráyè yin irun orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í wo aago kó tó kanlẹ̀kùn.
Òru Àìkú yìí, èmi nìkan ni,
èmi àti tọ́ọ̀ṣì tí mo fi eyín há,
aboyún márùn-ún:
ọ̀kan gun ọ̀kadà wá láti Ìyárà,
ẹ̀jẹ̀ ń ru lára ará Ẹgbẹ̀dá,
ìbejì ń bẹ níkùn ẹ̀kẹta,
ẹ̀kẹrin ń ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú.
Àbọ́sẹ̀dé dákẹ́.
Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.
Mo ní, n ó padà wá gbọ́ ọkàn ọmọ ẹ.
Mo sọ ọ́ ní aago mẹ́ta. Mo tún un sọ ní márùn-ún.

Orúkọ mẹ́fà ló wà lára ògiri.
Ọ̀kan ti lọ Sáúdì,
ọ̀kan ń lépa owó oṣù rẹ̀ ní Lókójà.
Ògiri ò mọ̀. Ògiri ṣì ń ka mẹ́fà.

Aago méje kọjá, ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ dé.
“Òkun o.” “Òkun.”
Mo ń ròyìn òru fún un, ó ń wá ìbọ̀wọ́.
Ọwọ́ tèmi ti kúrò, tirẹ̀ ò tíì dé.
Àárín ọwọ́ méjèèjì yẹn lọmọ ń já sí.

Mo mọ ibẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá,
mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká nígbà tí ẹnìkan ké;
mo rò pé ẹlòmíràn gbọ́.
Nínú ìwé: méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkàn ọmọ ń lù.
Mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kò lù mọ́.
Láàárín wọn, ìlà mẹ́ta, funfun báláú.
Ọkọ obìnrin náà kò mọ̀wé. Ó fìka lé àyè yẹn,
ó ní, “Kí ni wọ́n kọ síbí?”

Mo sọ báàgì kalẹ̀ lónìí,
mo fi etí lé ikùn Àbọ́sẹ̀dé.
Ó ń lù, ó lọ́ra, bí ẹsẹ̀ arúgbó tó ń gun òkè.
A pariwo. Dókítà sáré dé, bàtà ẹsẹ̀ kan.

Obìnrin ni. Kó tó ké,
mo ti kà dé mọ́kànlélógójì.
Ìyá ní òun ó fi orúkọ mi sọ ọ́. Mo ní rárá.
Mo mú bírò, mo kọ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan,
n kò fo ìlà kankan.
Ìgbà náà ni mo rántí ará Ẹgbẹ̀dá.